Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí A Kò Fi Kọ́ Ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ tí a bá gbogbo ìjọ sọ ní ìpàdé àpapọ̀

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ méjì àti ìdì òwú kan ni a gbé ka iwájú yín lónìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí yín, ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Ọlọ́run, ó sì ti kọ́ àwa olùṣọ́-àgùntàn ní ẹ̀kọ́ tí a kò rí kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Dọkasi ará Joppa, nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Nígbà tí ó kú, àwọn opó yí Peteru ká pẹ̀lú omijé, wọ́n ń fi àwọn ẹ̀wù tí obìnrin rere náà ṣe fún wọn hàn án. Ìgbà púpọ̀ ni a ti wàásù lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: nínú àwọn opó wọ̀nyí, ta ni ó lè mú abẹ́rẹ́ Dọkasi kí ó sì máa bá iṣẹ́ náà lọ? Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa. Bí a bá wá ṣí Eksodu orí 35, a ó rí Besaleli àti Oholiabu. Ọlọ́run fún wọn ní ọgbọ́n láti hun aṣọ àti láti fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà, ó sì tún fi sí wọn lọ́kàn láti kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀bùn méjì ni wọ́n gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gba èkíní, tí kò sì bèèrè èkejì.

Ọjà ńlá kan wà ní Nkololoun, ní àdúgbò New Bell, ní ìlú Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùn. Àdúgbò àwọn àlejò ni New Bell láti ìgbà pípẹ́: Haúsá, Ìgbò, Bámíléké àti àwa Yorùbá ń gbé ibẹ̀ pọ̀. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ní ìsọ̀ kékeré ní ọjà náà, níbi tí ó ti ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ ọwọ́. Ooru pọ̀ ní Douala, ṣùgbọ́n òjò ibẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti Èkó. Nígbà tí òjò oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ bá dé, kò sí abiyamọ tí í fẹ́ kí orí ọmọ rẹ̀ wà lásán. Bí ẹ bá rí ìyá yìí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó mọ̀ pé ìfẹ́ iṣẹ́ náà ni ó mú un jókòó. Yóò bá oníbàárà sọ èdè Faransé, yóò yíjú bá wa sọ Yorùbá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní dúró.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a bẹ̀ ẹ́ níwájú ìjọ pé kí ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa, ó sì gbà. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwọn márùn-ún a máa péjọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ra òwú. Ẹni tí kò ní abẹ́rẹ́ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa kan ti ṣe ní ilé ìwé. Ó kọ́ wọn bí a ti ń fi òwú lé abẹ́rẹ́, bí a ti ń fa ojú kan gba inú èkejì, àti bí a ti ń mú ojú tí ó bá bọ́ padà kí gbogbo iṣẹ́ má bàa tú. A máa sọ fún wọn pé, bí ènìyàn bá ṣi aṣọ gé, aṣọ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣi òwú hun, yóò tú u, yóò tún un hun, òwú kò ní ṣòfò. Inú gbogbo wa dùn.

Kí ọdún Kérésìmesì tó dé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti pàtẹ sí ìsọ̀ kẹrin sí ti ìyá yìí. Fìlà kan náà ni, àwọ̀ kan náà, owó rẹ̀ ni ó kéré. Àwọn oníbàárà yí ẹsẹ̀ padà. Ìyá náà gbé àpò abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó tọ̀ wá wá. Ó ní, “Pásítọ̀ wa, ẹ̀yin ni ẹ ní kí n kọ́ wọn.” A dá a lóhùn bí a ti máa ń dá ènìyàn lóhùn, pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara. Ó wò wá, ó ní, “Òótọ́ ni, ojú ọ̀run tẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà Nkololoun há.”

Ẹ̀yin ará, a kò rí èsì fọ̀. A jẹ́wọ́ níwájú yín pé àwa gan-an jẹ̀bi. A ní kí arúgbó mú ọrẹ ńlá wá, a kò sì bá a gbé ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí a pe àwọn méjèèjì jókòó, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, ìyá. Fìlà nìkan ni ẹ kọ́ mi. Kí ni ǹ bá tún máa tà?” Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ pé òun mọ súẹ́tà hun, òun mọ aṣọ ìbora ọmọ hun, òun sì mọ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ oníwọ̀ ṣe ọnà sí etí aṣọ tábìlì. Ẹ̀rù ni ó mú òun fi wọ́n pamọ́. A wá rí i pé àbọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó bí ìjà náà.

A tún bẹ̀rẹ̀. Ìjọ ni ó ń ra òwú báyìí. Ọmọbìnrin náà ti ń hun súẹ́tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí Dschang àti Bamenda, níbi tí òtútù orí òkè ti ń mú. Ẹlòmíràn nínú wọn gba iṣẹ́ aṣọ ìbora. A kò ní purọ́ fún yín: kì í ṣe gbogbo oníbàárà ìyá náà ni ó padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìka bá ń ro ó ní àkókò òjò, ọmọbìnrin náà ni ó ń bá a parí iṣẹ́ tí ó ti gba owó rẹ̀.

Obìnrin Bámíléké kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti ìyá wa fi aṣọ Ndop hàn wá, èyí tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àti ayẹyẹ ńlá. Ní àríwá, ní agbègbè Garoua, ni a ti ń hun òwú rẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ará òkè ìwọ̀-oòrùn a fi ìko rán an, a ó sì rẹ ẹ́ sínú aró. Nígbà tí a bá tú ìko náà, ọnà funfun yóò yọ lára aró. Ìyá wa kígbe pé, “Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ nìyí!” Òótọ́ ni, nítorí ohun tí àwọn ìyá wa ń fi ìko àti abẹ́rẹ́ ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá kò yàtọ̀ sí i. Ẹ kíyèsí i pé ọwọ́ kan kò ṣe Ndop rí. Bí ahunṣọ kò bá hun ún, aránṣọ kò rí nǹkan rán, aláró kò sì rí nǹkan rẹ.

Ẹ tún gbọ́ ti Olóyè Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí a bí ní ọdún 1951. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré. Ìyá ìyá rẹ̀ àgbà, tí ó jẹ́ ahunṣọ, ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́. Ní ọdún 1983 ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ láì san owó. Kíkọ́ tí ó kọ́ wọn kò pa òkìkí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé àkójọ Smithsonian ní Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi sílẹ̀ fún ẹ̀ka gbogbo. Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́, ẹ kọ́ ọmọ ní àkọ́tán, kí ó lè rí ọ̀nà tirẹ̀. Èkejì, ẹ̀yin ìjọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí opó fi owó oúnjẹ rẹ̀ ra òwú tí yóò fi kọ́ ọmọ yín. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, kí ẹ tó pàtẹ, ẹ lọ gba àdúrà lẹ́nu ẹni tí ó kọ́ yín, kí ẹ sì bi í léèrè ibi tí ó yẹ kí ẹ jókòó sí.

Nígbà tí ọjọ́ wa bá pé, kí àwọn tí yóò yí wa ká lè ní ju ẹ̀wù tí a ṣe fún wọn lọ láti fi hàn. Kí wọ́n lè na ọwọ́ ara wọn síta, kí wọ́n wí pé, “Èyí ni ó fi sílẹ̀ fún wa.” Kí Olúwa fi ìdí iṣẹ́ ọwọ́ wa múlẹ̀. Àmín.