Kí Ìdájọ́ Tó Dé, Ìyà Ti Pé: Ọ̀rọ̀ Lórí Kóòtù, Ìjọba àti Ẹni Tó Ń Kọ̀wé

(Ọ̀rọ̀ tí Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ bá ìpàdé ẹgbẹ́ wa sọ. A gbé e síbí fún ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi àti ẹ̀yin tí ẹ kò ráàyè wá.)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dọ́ àti ìjọba. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni mo mú: bí ìjọba ṣe ń fi kóòtù dẹ́rù ba ẹni tó ń kọ̀wé ta kò ó. Ẹ má tíì sọ pé kò kàn wá. Ó kàn wá.

Àwa tí ilé wa wà nítòsí Mápó, kóòtù kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó sí kóòtù ìbílẹ̀ láti àárọ̀, tí wọ́n á wá ní kó padà wá lọ́sẹ̀ mélòó kan sí i. Owó ọkọ̀ ti lọ, ọjà ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Tó bá wá jẹ́ ìjọba ni ẹ jọ ń ṣẹjọ́ ńkọ́? Ìjọba kì í ti ṣọ́ọ̀bù torí ẹjọ́. Owó tó fi ń san lọ́yà, owó gbogbo wa ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ Ọmọyẹlé Ṣóworẹ́, ọmọ Kìríbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òun ló dá Sahara Reporters sílẹ̀ lọ́dún 2006. Ó du ipò ààrẹ lọ́dún 2019 lábẹ́ ẹgbẹ́ AAC. Lẹ́yìn ìbò, ó pe ìwọ́de tó pè ní RevolutionNow fún ọjọ́ 5, oṣù kẹjọ. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ní ọjọ́ 3, àwọn DSS ti lọ mú un nílùú Èkó. Wọ́n lọ sí kóòtù, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi í pamọ́ fún 90 ọjọ́. Kóòtù fún wọn ní 45. Nígbà tí ọjọ́ yẹn ń pé lọ, wọ́n fi ẹ̀sùn méje kàn án: ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba, kíkó owó kiri lọ́nà àìtọ́, àti pé ó bú Ààrẹ Buhari lórí tẹlifíṣọ̀n.

Kì í ṣe òun nìkan. Wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan kún un, Ọláwálé Bákàrè, tí wọ́n mú ní Òṣogbo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Ẹni tó lókìkí máa ń rí lọ́yà ńlá gbà. Ọmọ tí wọ́n bá mú pẹ̀lú rẹ̀ ńkọ́?

Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, adájọ́ kan ní kí wọ́n fi Ṣóworẹ́ sílẹ̀. Wọn ò fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, adájọ́ mìíràn fún un ní béèlì mílíọ̀nù lọ́nà 100 náírà. Ó gbọ́dọ̀ ní oníduùró méjì, kò sì gbọdọ̀ kúrò ní Àbújá. Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí gbogbo ètò béèlì parí, DSS ní kò sí oníduùró tó wá gbà á lọ́wọ́ àwọn. Ọjọ́ 5, oṣù kejìlá ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí adájọ́ fún wọn ní wákàtí 24. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ nínú kóòtù, wọ́n tún mú un lọ. Ọjọ́ 24, oṣù kejìlá ló tó padà jáde.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ẹjọ́ já sí. Ní oṣù kejì, ọdún 2020, ìjọba yọ ẹ̀sùn márùn-ún kúrò nínú méje. Ní oṣù kejì, ọdún 2024, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ kúrò ní kóòtù. Ọdún mẹ́rin àbọ̀! Kò sí adájọ́ kankan tó ní ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ṣé kò jìyà ni? Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé lọ sílé rèé: ìjọba ò nílò kó jàre. Kó ṣáà ti gbé èèyàn dé kóòtù, kó máa sún ọjọ́ síwájú, iṣẹ́ ti parí. Ìrìn yẹn gan-an ni ẹ̀wọ̀n.

Mi ò polongo ìbò fún ẹnikẹ́ni o. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ti òṣèlú. Bàbá mìíràn lè ní ọ̀rọ̀ Ṣóworẹ́ ti le jù, pé ta ló ń pe irú ìwọ́de bẹ́ẹ̀. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣebí ìdí nìyẹn tá a fi ní kóòtù: kí adájọ́ gbọ́ tọ̀tún tòsì, kó sì dá a kíá. Ẹjọ́ tí wọn ò fẹ́ kó dé ìdájọ́, ìyẹn ti kúrò ní ẹjọ́.

Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí náà. Anthony Enahoro jẹ́ ọmọ ọdún 21 nígbà tó ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Southern Nigerian Defender níbí, ní Ìbàdàn. Àwọn òyìnbó padà rán an lẹ́wọ̀n torí ohun tó tẹ̀ jáde. Olóyè Awólọ́wọ̀, tó dá Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1949, ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba ni wọ́n fi rán òun náà lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lọ́dún 1963. Orúkọ ẹ̀sùn kan náà ni. Òyìnbó lọ, ológun lọ, ẹgbẹ́ kan gba ìjọba lọ́wọ́ ìkejì, pàṣán ò kúrò lájà. Pàṣán tí wọ́n sì fi na ìyáálé, ẹ mọ ẹni tó ń dúró dè.

Ìyàwó yẹn, àwa ni. Ṣé ẹ rántí ọ̀dọ́ wa kan tó gbé fọ́tò gọ́tà tí wọ́n pa tì sórí gúrúùpù, tó béèrè pé owó iṣẹ́ yẹn dà? Ẹnìkan pè é lórí fóònù pé òun máa fi ọlọ́pàá gbé e. Kó tó di alẹ́, ó ti pa fọ́tò náà rẹ́. Gọ́tà ṣì wà bó ṣe wà, òjò sì ń bọ̀. Kóòtù ò tíì dé ọ̀rọ̀ o, orúkọ rẹ̀ lásán ni wọ́n dá.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká mọ òfin. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 39, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò wa. Abala 35 ní ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, àyàfi tó bá jẹ́ ẹ̀sùn tí ikú wà lórí rẹ̀. Ní Ìbàdàn yìí, ta ló máa sọ pé òun ò rí kóòtù nítòsí? Béèlì àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi ń mú èèyàn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹnìkan nínú, wọ́n ti tún un ṣe lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbé ohun tí ẹ ò rí. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fi ìbéèrè yín ṣe ìbéèrè, kì í ṣe èébú.

Ohun mẹ́ta ni mo wá ń tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ìkíní, ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ jẹ́ ọmọ wa, ẹ fún akọ̀wé ní nọ́ńbà yín, ká mọ ẹni tá a máa pè lóru. Ìkejì, ẹ̀yin tí ẹ nílé, tí ẹ níṣẹ́ gidi, ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníduùró. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà látìmọ́lé ti gba béèlì, oníduùró ni wọn ò rí. Ìkẹta, tí wọ́n bá gbé ọmọ wa lọ sí kóòtù torí òótọ́ tó sọ, ká má jẹ́ kó dá jókòó. Kí adájọ́ gbé ojú sókè, kó rí Mọ́gàjí, kó rí ìyá ọlọ́jà, kó rí ọ̀dọ́. Ẹni tí ìjọba fẹ́ fi ìrìn kóòtù dá lágara, tí èèyàn bá bá a rìn, agara ò ní tètè dá a.

A ò ní rí ẹjọ́ ìjọba o. Tá a bá sì rí i, a ò ní dá nìkan rí i.