Ọwọ́ Àgbà ní Ara Ọmọ



Ìlú London ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí. Ní ọdún 1775, Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn St Bartholomew, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ awọ ẹpọ̀n tó ń bá àwọn tó ń gbá ihò èéfín ilé jà. Ọmọdé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà, torí ihò ọ̀hún há. Ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje á gun inú rẹ̀, á máa ha dúdú èéfín tó ti gbẹ mọ́ bíríkì. Kì í sábà rí omi wẹ̀. Ọmọ yìí á dàgbà, á gbéyàwó, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni egbò tí kì í jiná á yọ sí i. Ní 1840, òfin ka gígun ihò náà léèwọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, àwọn ọ̀gá kò ka òfin sí. Ó di 1875 kó tó káwọ́ wọn. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn ìwé Pott!

Àgbà ló rán ọmọ wọ ihò náà. Síbẹ̀, tí a bá ń sọ̀rọ̀ àṣà ọmọdé àti jẹjẹrẹ lónìí, ẹnu wa máa ń yá láti bá ọmọ wí: ó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò jù, kò fẹ́ sáré. Lóòótọ́, ọmọ tó sanra jù sábà máa ń gbé e dàgbà, àsanjù sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra ọtí náà?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀. Ìyá tó ní kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hepatitis B lè kó o ran ọmọ nígbà ìbí. Nínú ìkókó mẹ́wàá tó bá kó o, bíi mẹ́sàn-án ni kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà a máa lé e lọ. Ẹ wá fi ẹ̀pà tó ti bu kún un, èyí tí a lọ̀ mọ́ ògì kí ọmọ lè lókun. Oró aflatoxin tó wà nínú rẹ̀, iná kì í pa á tán. Bí òun àti Hepatitis B bá pàdé nínú ẹ̀dọ̀ kan, ńṣe ni ewu jẹjẹrẹ ń di ìlọ́po-ìlọ́po. Láti 1984 ni Taiwan ti ń fún ìkókó lábẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì dín kù gidi láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Láàárín wákàtí 24 tí a bí ọmọ ló yẹ kó gbà á. Kò yẹ kó dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Láti Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba tún ti ń fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Àwọn kan ní ó ń sọni dàgàn. Irọ́ gbuu ni. Kí ọmọ tó mọ ọkùnrin ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọbìnrin yín ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ẹ mú un lọ sí ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí.