Ẹni Tó Bẹ̀rẹ̀ Láti Òkè, Ǹjẹ́ Ó Lè Mọ Ìsàlẹ̀?



Àwọn òbí ń bi wá léèrè pé: àwọn ọmọ wa ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Python ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Èdè òkè ni Python. Ó sún mọ́ èdè ènìyàn, ó sì ń ba ẹni tó ń kọ ọ́ gbé ọ̀pọ̀ ẹrù. Ǹjẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè mọ ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fi òdo àti ọ̀kan ṣe ohun gbogbo? Èsì wa ni pé ó lè mọ̀ ọ́n, bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ kọ́ ọ.

Kí ló kan nọ́ọ̀sì níbẹ̀? Ní wọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ló ń bá wa díwọ̀n omi tó ń wọ ara aláìsàn, síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ lè ṣírò rẹ̀ fúnra wa. Bí mílílítà 1,000 bá ní láti wọlé ní wákàtí 8, tí rọ́bà rẹ̀ sì ń kán ẹ̀kán 20 fún mílílítà kan, bí ẹ̀kán 42 ni ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí kò ní fura bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà òdì sínú ẹ̀rọ. A ti rí àwọn nọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, tí wọ́n padà kọ́ ìṣirò náà, tó sì yé wọn yékéyéké. Àwa náà ńkọ́? Gbogbo wa la ti ń sọ Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa ní dò-rè-mí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Láàárín 1985 sí 1987, ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí à ń pè ní Therac-25 tan ìtànṣán tó pọ̀ jù sí aláìsàn mẹ́fà lára ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn kan kú nínú wọn. Ọ̀kan nínú àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ń ka iye kan sínú byte kan ṣoṣo. Byte kan kò lè gbà ju 255 lọ. Nígbà tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹ 256, iye náà á padà di òdo, ẹ̀rọ á sì fo àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣe. Èdè ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́ o, nítorí náà mímọ ìsàlẹ̀ nìkan kò tó. Ó yẹ kí ojú ẹlòmíràn yẹ iṣẹ́ wò. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò mọ byte ṣe máa rí irú àṣìṣe yìí? Nínú Python, nọ́ńbà lè máa tóbi lọ ni. Ọmọ tí kò mọ̀ ju Python lọ lè má tíì bá ògiri yìí pàdé rí.

Ẹ má rò pé àjèjì ni 256. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Ifá ní abala èso mẹ́jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, 256 ni, iye Odù nìyẹn. Byte náà ní ààyè mẹ́jọ, òdo tàbí ọ̀kan ni nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kò ní kí Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí lọ dá Ifá o, ìṣirò là ń sọ.

Láti September 2014 ni ìṣirò òdo àti ọ̀kan ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 ní ilẹ̀ England. Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ to owó ẹyọ mẹ́jọ sórí tábìlì: ojú tó ní orí ọba ni ọ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òdo. Ẹ fi kà dé 255. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ètò kékeré ní èdè C, ẹ fi nọ́ńbà 255 sínú byte kan, kí ẹ sì fi ọ̀kan lé e. Ẹ wo ohun tó máa jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi Python bú wọn. Ẹ kàn máa bi wọ́n pé: “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀?” Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ ètò inú ẹ̀rọ tí wọ́n máa so mọ́ wa lára lọ́jọ́ ogbó.

 Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa.