Owó Pàjáwìrì Lẹ́yìn Odi: Ilé La Ti Ń Múra Sílẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún)



Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń ná ọjà Kútọnu àti Lómè. Láti Sango, a ó gba Ọ̀tà àti Òwódé dé Ìdìrókò, a bọ́ sí Igolo, ó di Àjàṣẹ́. Nítorí pé ibẹ̀ sún mọ́ ilé, a máa ń rò pé bí wàhálà bá dé, a ó kàn fi fóònù pe ilé, owó á sì dé. Ẹ̀yin èèyàn wa, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa dùbúlẹ̀ àìsàn ní Kútọnu. Wọ́n ní kó sanwó kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ti wọ ọjà tán. Ọkọ rẹ̀ ní owó lọ́wọ́ ní Sango, ṣùgbọ́n náírà ni, séfà ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún. Odidi ọjọ́ méjì la fi sáré kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Olúwa, ó padà wálé láàyè.

Ẹ jẹ́ ká mọ ìdí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ṣòfin pé owó tó ń bọ̀ wálé nìkan ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Western Union àti MoneyGram lè bá wa gbà. Wọn kò gbọ́dọ̀ bá wa fi ránṣẹ́ jáde. Nítorí náà, ọmọ yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fowó ránṣẹ́ sí yín ní Kútọnu, àwa tí a wà ní Sango níbí kò lè ṣe é.

Káàdì náírà ńkọ́? Ní ìparí ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dá a dúró lókè òkun. Ní 2025 àwọn kan ṣí i padà, ṣùgbọ́n ó ní iye tí wọn kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá. Ẹ bi báńkì yín kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ìmọ̀ràn wa rèé:

1. Ẹ ya owó dókítà àti owó mọ́tò sọ́tọ̀ ní séfà, kó má wà nínú báàgì owó ọjà. Séfà kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin àti Togo.

2. Ẹ má jẹ́ kí pásípọ́ọ̀tù kúrò lára yín. Ẹni tí kò ní ìwé ìdánimọ̀ kò lè gbowó. Orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù ni kí ọmọ yín kọ, kì í ṣe "Ìyá Síkírá" tí gbogbo ọjà mọ̀! Nọ́ńbà mẹ́wàá tí Western Union bá fún un, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

3. Púpọ̀ wa ń ní kí ilé san náírà sí àkáǹtì onípààrọ̀ owó kó lè fún wa ní séfà. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni kẹ́ ẹ lọ bá, kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ pàdé ní bodè. Ẹ ka séfà náà lójú ara yín kí ilé tó sanwó.

4. Bí gbogbo ẹrù bá sọnù, ẹ lọ sí ẹ́ḿbásì Nàìjíríà ní Kútọnu. Wọn kì í ṣe ilé owó o, ṣùgbọ́n wọ́n lè fún yín níwèé tẹ́ ẹ ó fi padà sílé.

Ohun tí à ń bẹ ẹgbẹ́ fún kò ju méjì lọ. Èkíní, kí ìwé kan wà lọ́dọ̀ Akọ̀wé, tí ẹni tó ń rìnrìn-àjò á kọ orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ibi tó máa dé sí, àti fóònù ọmọ tàbí ẹbí rẹ̀ tó wà lókè òkun sí. Èkejì, kí Alága àti Akápò lè yọ owó yíyá pàjáwìrì jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí a má tíì dúró de ìpàdé oṣù. Àìsàn kì í dúró de ìpàdé.

Àlọ wa á dára, àbọ̀ wa á sunwọ̀n. Ẹgbẹ́ wa ò ní tú o.