Ẹ Má Fojú Ọ̀fìnkìn Wo Fúlúù

Ìlera wa ní Amẹ́ríkà níbí lẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Fúlúù ni mo mú, torí pé a máa ń pè é ní ọ̀fìnkìn, a ó sì gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Láti ọdún 2009 sí 2019, àwọn onímọ̀ ìlera ka àwọn tí fúlúù gbé dé ọsibítù nílẹ̀ yìí. Wọ́n fi ọjọ́ orí wé ọjọ́ orí. Nínú iye ènìyàn kan náà, bí aláwọ̀ funfun 10 bá dèrò ọsibítù, nǹkan bí 18 ni tiwa aláwọ̀ dúdú. Bákan náà ni ti yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù.

Arúgbó ni fúlúù ń pa jù, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn àgbàlagbà, àlàfo tó wà láàárín dúdú àti funfun kò tó ti ọmọdé. Nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ikú ọmọ dúdú ní ọsibítù tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọmọ funfun. Ìlọ́po mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọmọ tí kò mọ àwọ̀ tirẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa ló fà á. Ta ló ń tọ́jú arúgbó lóru, tó ń wa takisí, tí owó ọjọ́ náà sì ń lọ bó bá dùbúlẹ̀ àìsàn? Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àìní ìnṣọ́ránsì kún un. Èyí kọjá agbára ẹnì kan; àwọn tí à ń dìbò fún ló yẹ ká máa bi.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù ńkọ́? Ní ìgbà òtútù 2021 sí 2022, nínú 100 àgbàlagbà aláwọ̀ funfun, 54 ló gbà á. Nínú tiwa, 42. Mo ti gbọ́ ọ títí: “Abẹ́rẹ́ yẹn ló kó fúlúù ràn mí.” Rárá o. Kò sí kòkòrò fúlúù tó wà láàyè nínú rẹ̀. Apá lè dunni, ara lè gbóná díẹ̀, yóò lọ. Ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣiṣẹ́ nínú ara. Ẹni tó bá kó fúlúù láàárín ìgbà náà ló ń di ẹ̀bi rù ú.

Bí ọmọ yín bá ní arunmọléegun, ìyẹn sickle cell, ẹ má fi abẹ́rẹ́ yìí fòní dọ́la. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 fi hàn pé fúlúù ń gbé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ọsibítù ní ìlọ́po 56 ti àwọn yòókù.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè gba abẹ́rẹ́ yìí. Ìyá rẹ̀ ló ń gbà á fún un nínú oyún, àwọn tó sì ń gbé e ló ń dáàbò bò ó. Nítorí náà, bí màmá bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ, ẹ ra kóòtù sílẹ̀ dè wọ́n, kí ẹ sì mú wọn lọ gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gbé ìkókó náà pọ̀n. Bí wọ́n bá ti pé ọdún 65, ẹ béèrè èyí tó lágbára jù.

Oṣù kẹwàá tí à ń gba abẹ́rẹ́ kò ní í bá wa lórí ìjókòó. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ na apá yín sílẹ̀, kí àwọn ọmọ rí i.