Paraga Kì í Ṣe Omi: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Ní Ìpàdé Ẹ̀ka

Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí wa lórí ohun tí a fẹ́ sọ yìí. A kò wá fi òfin de ọtí. Nínú àwa ìgbìmọ̀ tí a jókòó síwájú yín yìí, àwọn tó ń mu ún pọ̀ ju àwọn tí kì í mu lọ.

Láti ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ti wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣọ́ ẹnu. A ti dín iyọ̀ àti Maggi kù. Ẹni tó máa ń fi búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe oúnjẹ ọ̀sán ti padà sí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja. Ìrẹsì Ọ̀fadà ti di ààyò wa, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá níhìn-ín, ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ni ìlú Ọ̀fadà wà. Ó dára, nítorí wọn kì í bó o títí yóò fi funfun báláú bíi ti òkèèrè. (Àmọ́ ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń léfòó nínú epo, kí ó má sọ fún wa pé òun ń ṣọ́ ẹnu.)

Ìṣòro wa máa ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá ti ṣíwọ́. Ní Kútọ̀, ní Láfẹ́ńwá, ní Pánṣẹ́kẹ́, àwọn tó ń ta paraga ti ń dúró dè wá. Òyìnbó ní ọtí àpòpọ̀ tirẹ̀ tó ń pè ní kọ́ktéèlì. Paraga ni tiwa, egbò àti èèpo igi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Kọ́ọ̀pù kan fún ẹ̀yìn ríro, òmíràn fún jẹ̀díjẹ̀dí, òmíràn fún ohun tí a kò ní dárúkọ níwájú àwọn ìyá wa. Oògùn ni a ń pè é, nítorí náà a kì í kà á mọ́ ọtí.

Ọ̀kan nínú wa wí bẹ́ẹ̀ pé àgbo lásán ni. Ó ti wakọ̀ fún ọdún 19 láìgbá ẹnikẹ́ni. Ó mu kọ́ọ̀pù 2 láàárọ̀ nítorí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ kọlu ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ọpẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò kú. Àwa la bá a lọ síwájú àwọn ọ̀gá. A bẹ̀, a jà, a tọ́ka sí ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi wá pé ṣé ọtí wà nínú paraga àbí kò sí. Ẹnu wa wọhò. Iṣẹ́ náà lọ, a kò rí i gbà padà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò owó ófátáìmù. Ìgò bíà ńlá, sẹ̀ǹtílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ọtí pọ́ńbélé. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn kì í sábà lè palẹ̀ ju gíráàmù 7 sí 10 mọ́ ní wákàtí kan. Ìgò kan ṣoṣo yóò gbà tó wákàtí 3. Omi tútù kò lè mú un yá, kọfí kò lè mú un yá. Orógbó kàn ń bo òórùn ni. Ẹni tó mu ìgò 3 tán ní aago 10 alẹ́, tó gbé ọkọ̀ ní aago 4 ìdájí, ọtí ṣì wà lára rẹ̀. Ìgò 3 yẹn sì ti kó bíi kálórì 500 wọ ara láti inú ọtí nìkan, lórí ẹ̀fọ́ tí ó fi ìyà jẹ ara rẹ̀ jẹ lọ́sàn-án. Bíà ni a rí ṣírò o. Ta ló wọn ti inú paraga?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní oṣù kìíní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí kò léwu fún ìlera. A kò fi í pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mu, kí ó jẹun kí ó tó mu, kí ó fi omi sí i láàárín, kí ó sì mọ ohun tó wà nínú kọ́ọ̀pù. Ní ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó lé ní ènìyàn 10 tí ògógóró tó ní methanol pa. Ojú ló kọ́kọ́ ń fọ́ lára wọn. Ẹmu àárọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ dùn, kò sì le. Ti ìrọ̀lẹ́ ti kan, ó ti di ọtí gidi. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó bi nọ́ọ̀sì léèrè kí ó tó fi ohunkóhun kàn án, ìbáà ṣe àgbo tí a fi omi sè.

Èyí ni ìgbìmọ̀ fi dábàá fún ìnáwó ìparí ọdún: ìrẹsì Ọ̀fadà àti ẹja, ìgò bíà kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan, paraga kò sí, ọtí inú ọ̀rá kò sí. Ẹni tó ń wakọ̀ tàbí tó ń lọ sí iṣẹ́ alẹ́ yóò gbé ìgò tirẹ̀ lọ sílé ní dídé. Àwọn kan ti ń sọ pé a fẹ́ sọ ẹgbẹ́ di ilé ìjọsìn. Kí wọ́n wá sọ ọ́ ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, níbi tí a ó ti dìbò sí i. Kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ọjọ́ náà tó pé.