Ọdẹ Lè Sùn, Zangbeto Kì í Sùn

Ọmọ Ìjàn-Èkìtì ni mí. Òkè àti igbó ni mo mọ̀, òkun jìnnà sí wa. Ìdí nìyẹn tí ìrìn àjò yìí fi dùn mọ́ mi. Bouche du Roy ni mo lọ, létí Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ gba Seme, ẹ kọjá Cotonou àti Ouidah, ẹ ti dé tán.

Ibẹ̀ ni odò Mono àti omi adágún Ahémé ti ń wọ òkun. Iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀, ọmọ ìlú ibẹ̀ ló sì mú wa lọ. Nígbà tí a súnmọ́ igi mangrove, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró nínú omi bí ẹsẹ̀ akàn, ó pa ẹ́ńjìnì kí àwọn lékeléke má baà fò lọ.

Ẹja kéékèèké ń sá pamọ́ sábẹ́ gbòǹgbò wọ̀nyí títí wọn ó fi dàgbà. Ṣùgbọ́n igi yìí kan náà ni wọ́n ń gé láti fi se iyọ̀ àti láti fi yan ẹja. Bí igi bá tán, ẹja ń kọ́? Ni wọ́n bá ní kí Zangbeto, egúngún olùṣọ́ òru àwọn Ògù tí ẹ mọ̀ ní Àgbádárìgì, fi èèwọ̀ de apá kan igbó náà.

Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kúkú gba ọdẹ?” Ó rẹ́rìn-ín: “Ọdẹ lè sùn. Zangbeto kì í sùn.”

Ìlú wo ní Èkìtì ni kò ní igbó èèwọ̀ tiẹ̀? Àwa ń pè é ní ayé àtijọ́. Ní tiwọn, UNESCO ka agbègbè Mono, ní Benin àti Togo, mọ́ ibi àbò ẹ̀dá ní 2017.

Bí ẹ bá lọ, ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Lálẹ́, ẹ pa fíláàṣì fóònù yín. Ìjàpá òkun ń yé ẹyin sínú iyanrìn náà, ìmọ́lẹ̀ ojú omi sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń tọ̀ délé. Tiyín lè ṣì wọ́n lọ́nà.

Kí ẹ sì sanwó fún ọmọ ìlú tó mú yín lọ. Bí igbó bá ń bọ́ ọ, kò ní gé e. Ó dìgbà kan ná o.